Èló Ni Kí N Kọ Sínú Rìsíìtì?

Bismillāhi-r-Rahmāni-r-Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí kò sí ìwé ìṣirò kan tí ó pamọ́ fún Un. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

 Wáásí oṣù yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ rí. Bí wọ́n bá rán ènìyàn lọ sí ọjà fún ilé iṣẹ́, fún ẹgbẹ́, tàbí fún mọ́ṣáláṣí, tí ó ra ọjà tán, tí ó ní kí wọ́n fún òun ní rìsíìtì, ẹni tí ó ń tajà yóò mú bírò, yóò gbójú sókè, yóò ní: “Èló ni kí n kọ?” Kì í ṣe iye tí a san ni ó ń bèèrè. Ó mọ̀ ọ́n, owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iye tí a fẹ́ kí ẹni tí ó ni owó gbàgbọ́ ni ó ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìbéèrè yìí sọ́kàn, kí á fi wo ohun tí ó da ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rú ní ọdún 2009.

Òfin ibẹ̀ gbà fún àwọn aṣòfin tí ẹkùn wọn jìnnà sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti gba owó àjẹmọ́nú fún ilé kejì, nítorí pé wọ́n ní láti máa gbé láàárín àwọn tí ó dìbò fún wọn, kí wọ́n sì tún máa gbé nítòsí ilé ìgbìmọ̀. Èyí bójú mu. Owó náà lè tó nǹkan bíi 24,000 pọ́n-ùn lọ́dún fún ẹnì kan. Aṣòfin yóò kọ ohun tí ó ná sínú ìwé, wọn yóò sì dá a padà fún un láti inú owó ìlú. Títí di ọdún 2008, bí ohun kan kò bá tó 250 pọ́n-ùn, wọn kì í tilẹ̀ bèèrè rìsíìtì. Ará ìlú tí ó ń san owó orí kò sì rí àwọn ìwé náà wò.

Obìnrin akọ̀ròyìn kan, Heather Brooke, dìde, ó fi òfin tí ó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ìwé ìjọba bèèrè wọn. Ilé ìgbìmọ̀ kọ̀. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ ní oṣù kárùn-ún ọdún 2008 pé kí wọ́n gbé e síta. Wọ́n wá ń palẹ̀ àwọn ìwé náà mọ́, wọ́n ń fi dúdú kun ọ̀pọ̀ ibi tí wọn kò fẹ́ kí ènìyàn kà. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, ẹ̀dà kan tí wọn kò tíì kùn bọ́ sọ́wọ́ ìwé ìròyìn Daily Telegraph, tí ó sanwó láti rí i gbà. Láti ọjọ́ 8 oṣù kárùn-ún ọdún 2009 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde, ojoojúmọ́ ni ìlú sì ń jí sí orúkọ tuntun.

Kí ni wọ́n bá nínú ìwé náà? Ẹnì kan kọ 1,645 pọ́n-ùn fún ilé kékeré orí omi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ yóò máa gbé. Ọlá pé àwọn tí ó ń ṣètò owó kọ̀ láti san án. Owó èdídí ihò ọpọ́n ìwẹ̀, pẹ́ńsì 88 péré, wà nínú ìwé mínísítà kan. Àwọn kan ń pààrọ̀ orúkọ ilé wọn: èyí tí wọ́n pè ní ilé kejì lónìí, wọn a sọ ọ́ di ilé àkọ́kọ́ lọ́la, kí owó ìlú lè tún méjèèjì ṣe. Àwọn mìíràn wọ inú irọ́ pọ́ńbélé. David Chaytor gba owó háyà lórí ilé tí ó jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tún gbà á lórí ilé ìyá rẹ̀. Elliot Morley gba ohun tí ó lé ní 30,000 pọ́n-ùn lọ́nà èrú fún gbèsè ilé, ó sì ń gbà á lọ lẹ́yìn tí ó ti san gbèsè tán. Jim Devine kó rìsíìtì irọ́ wá fún iṣẹ́ ìmọ́tótó àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé. “Èló ni kí n kọ?” náà ni gbogbo rẹ̀.

Olórí ilé ìgbìmọ̀ náà, Michael Martin, fi ipò sílẹ̀ ní ọdún yẹn. Láti ọdún 1695 wọn kò tíì fi agbára mú olórí ilé kankan kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Thomas Legg yẹ ìwé wọn wò, àwọn tí ó lé ní 300 ni ó ní kí wọ́n dá owó padà, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé ní 1,000,000 pọ́n-ùn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ̀bi, kí á sọ òtítọ́. Àwọn kan wà tí wọn kò jẹ kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, Chaytor, Morley, Devine àti àwọn mìíràn fi ẹ̀wọ̀n jura.

Nísisìyí, ẹ fetí sílẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, gbólóhùn kan ni ó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn aṣòfin náà: pé òfin gba àwọn láàyè. Òótọ́ ni, ohun púpọ̀ nínú rẹ̀ ni òfin gbà. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ìdáhùn nìyẹn níwájú Ọlọ́hun?

Bukhari àti Muslim gba hádíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Abū Humayd as-Sā‘idī (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyyah láti lọ gba sàká. Nígbà tí ó dé, ó pín ẹrù rẹ̀ sí méjì: ó ní tiyín nìyí, èyí sì ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ànábì gun orí mínbárì, ó sì bèèrè pé kí ló dé tí ọkùnrin náà kò jókòó sí ilé bàbá rẹ̀ tàbí ilé ìyá rẹ̀, kí á wò ó bóyá ọrẹ náà yóò wá bá a níbẹ̀. Ó wá búra pé ohunkóhun tí ènìyàn bá mú ní irú ọ̀nà yìí, yóò gbé e wá ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, ìbáà ṣe ràkúnmí tí ń ké, màlúù tí ń dún, tàbí àgùntàn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Ibn al-Lutbiyyah kò parọ́. Kò fi nǹkan pamọ́. Ojú gbogbo ènìyàn ni ó ti pín in. Síbẹ̀ Ànábì kò gbà á. Bí ẹni tí ó sọ òtítọ́ kò bá bọ́ nínú ìbéèrè yẹn, kí ni ká wí nípa ẹni tí ó kọ rìsíìtì irọ́?

Ẹ má sọ pé kékeré ni. Muslim gba á wá láti ọ̀dọ̀ ‘Adī ọmọ ‘Amīrah pé ẹni tí a bá fi síbi iṣẹ́, tí ó bá fi abẹ́rẹ́ kan tàbí ohun tí ó jù ú lọ pamọ́ fún wa, ghulūl ni, yóò sì gbé e wá ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ọkùnrin kan nínú àwọn Ansār gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní kí Ànábì gba iṣẹ́ tí ó fún òun padà. Abẹ́rẹ́ ni a sọ, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èdídí ọpọ́n ìwẹ̀ tóbi ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ẹjọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé Chaytor, Morley àti Devine lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní òfin àtijọ́ kan tí ó dáàbò bo aṣòfin kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ lè dá ẹjọ́ àwọn. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ kọ̀ fún wọn ní ọdún 2010. Èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ Mùsùlùmí. Nígbà tí obìnrin Makhzūm kan tí ó jẹ́ ọmọ ìdílé ńlá jalè, tí wọ́n rán Usāmah láti bẹ̀bẹ̀ fún un, Ànábì bínú. Ó sọ pé ohun tí ó pa àwọn tí ó ṣáájú wa run ni pé bí ẹni ńlá bá jalè, wọn a fi í sílẹ̀, bí aláìlágbára bá jalè, wọn a fìyà jẹ ẹ́. Ó sì búra pé ìbáà ṣe Fātimah ọmọ òun.

Ẹnì kan lè bi mí pé: “Aáfà, ohun tí ìwé ìròyìn ṣe ńkọ́? Ṣé kì í ṣe títú àṣírí ọmọlàkejì nìyẹn?” Ìbéèrè dáadáa ni. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa ní Sūratu-l-Hujurāt pé kí á máa tọpinpin ara wa, kí á sì máa sọ̀rọ̀ ara wa lẹ́yìn. Ohun tí ènìyàn ṣe sí ara rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, kò kàn wá. Ṣùgbọ́n owó ìlú kì í ṣe yàrá ẹnì kan. Sūratu-n-Nisā’ fi yé wa pé ẹni tí a bá ṣe àbòsí sí lè kígbe ohun búburú síta. Imām Nawawī náà, nínú Riyādu-s-Sālihīn, ka ìdí mẹ́fà tí ó lè mú kí á sọ àléébù ènìyàn, gbígbé ẹjọ́ alábòsí lọ sọ àti kíkìlọ̀ fún àwùjọ sì wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ọlọ́hun ní bí aṣebi bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀ dájú, kí á má baà kó ìyà bá àwọn ènìyàn pẹ̀lú àìmọ̀kan. Ìwé ìròyìn yẹn pàápàá kọ̀wé bi àwọn aṣòfin léèrè kí ó tó tẹ orúkọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìròyìn ara ògiri ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ṣé ẹ máa ń bi olúwa rẹ̀ kí ẹ tó tú u síta?

N kò sọ gbogbo èyí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-kéwú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ rán mi lọ ra ìwé fún àwọn ọmọ. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀, àpò mi ni mo ti san án, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ owó ọkọ̀ fún mi. Nígbà tí ọkùnrin tí ó tà á bèèrè iye tí òun yóò kọ, mo sọ fún ara mi pé ẹ̀tọ́ mi ni mo fẹ́ gbà. Mo ní kí ó fi 1,500 náírà lé e. Ní ọjọ́ kejì, hádíìsì Ibn al-Lutbiyyah ni ó kàn ní kíláàsì àwọn àgbà. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: “Aáfà, ṣé ọkùnrin yẹn dá a padà?” N kò rí ẹnu dá a lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo kó owó lọ bá Mudīr wa, mo jẹ́wọ́. Ó wò mí títí, ó ní: “Ṣé ẹnu rẹ kò lè sọ fún mi pé o wọ ọkọ̀ ni? Ṣé mi ò ní fún ọ?” Ó ka 1,500 náírà náà, ó sì nà án sí mi. Iye kan náà, ọwọ́ kan náà. Lánàá ó jẹ́ ghulūl, lónìí ó di hàláálì. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì kò ju pé mo bèèrè ní gbangba, ẹni tí a fi owó ṣọ́ sì fi ọwọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin akápò, ẹ̀yin akọ̀wé, àti ẹnikẹ́ni tí owó elòmíràn bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ìbéèrè méjì ni kí ẹ máa bi ara yín. Ìkíní: ká ní mo jókòó sí ilé bàbá mi, ṣé owó yìí yóò wá bá mi? Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ni ó mú un wá, tí kò sì wúlò fún iṣẹ́, má fọwọ́ kàn án. Èkejì: ṣé mo lè ka ohun tí mo kọ yìí sókè níwájú àwọn tí ó ni owó? Ẹ máa ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ ní ìpàdé ní oṣooṣù, ẹ kó rìsíìtì síta kí ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Bí o bá ná owó ara rẹ, bèèrè rẹ̀, má tijú. Ẹni tí ó bá sì ti jẹ nínú rẹ̀ rí, ìrònúpìwàdà ẹnu nìkan kò tó. Dá a padà. Bí ojú bá ń tì ọ́, wá ọ̀nà tí yóò fi wọ inú àpò ẹgbẹ́ láìdárúkọ rẹ.

Àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí dúdú fi kun ìwé wọn. Ìwé tí àwọn Málíkà ń kọ, kò sí dúdú tí a lè fi kùn ún, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí a lè bẹ̀ kí wọ́n má kà á. Sūratu Āl ‘Imrān ti sọ ọ́ tán: ẹni tí ó bá ṣe ghulūl yóò gbé ohun tí ó mú wá ní ọjọ́ náà.

Kí Ọlọ́hun fi hàláálì tó wa, kí ó mú ọwọ́ wa kúrò nínú hárámù, kí ó fi àlùbáríkà sí ìwọ̀nba tí a ní. Nígbà mìíràn tí ọlọ́jà bá gbójú sókè, tí ó ní èló ni kí òun kọ, kí Ọlọ́hun fún wa ní ẹnu tí yóò sọ pé: “Iye tí mo san ni kí o kọ.” Āmīn.