Mo Rò Pé Ó Wà Lọ́wọ́ Yín

Bíbélì kíkà: Lúùkù 2:41–52

A jìnnà sí ilé níbí, débi pé ẹni tó bá kí wa ní "ẹ káàárọ̀" láàárín ọjà ti di ẹbí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn abala Yorùbá yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ẹ̀bi èmi fúnra mi wà nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé mo ṣègbéyàwó nígbà ìsinmi tó kọjá. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, àbúrò ọkọ mi fẹ́ ṣe tirẹ̀ ní Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni ìsìn. Ọkọ mi ni yóò dúró ti ọkọ ìyàwó, ọwọ́ wa sì ni òrùka méjèèjì wà, nítorí Èkó ni wọ́n ti rà wọ́n. A pinnu láti fi ọkọ̀ wa gba ọ̀nà etí òkun: láti Èkó sí Àgbádárìgì, ká gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Benin, ká gba Kùtọnu àti Ouidah dé Hilla-Condji, ká kọjá sí Togo, ká gba Aného dé Lomé, ká wá wọ Gánà ní Aflao. Gbogbo rẹ̀ kò tó 500 kìlómítà, ṣùgbọ́n ẹnubodè mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà.

Aago márùn-ún ìdájí Fúráìdé la gbéra. A kò tíì dé Àgbádárìgì tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ́. Ọkọ mi ṣí bútù, ó bá sípíà níbẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ó wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ wá fọganáísà, èmi jókòó ti ọkọ̀. Wákàtí méjì ti lọ. Ní Sẹ̀mẹ̀, èèyàn pọ̀ lórí ìlà. Nígbà tí a máa fi dé Kùtọnu, ó ti lé ní aago kan ọ̀sán, ebi sì ti ń pa wá. A yà sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì, a ṣẹ́ owó wa sí séfà, a jẹ àkàsà àti ẹja díndín, a sáré wọ ọkọ̀.

Ní Hilla-Condji, òṣìṣẹ́ ẹnubodè na ọwọ́. Ọkọ mi kọjú sí mi: "Mú àpòòwé wá."

Mo ní, "Àpòòwé wo? Mo rò pé ó wà lọ́wọ́ yín."

Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ni èmi rò pé ó wà."

Inú àpòòwé yẹn ni ìwé ìrìnnà àwa méjèèjì wà, àti káàdì àbẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí gbogbo èèyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì, àti ìwé ọkọ̀. A tú ẹrù wa palẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Kí a tó wá ìwé, ẹlẹ́bi la kọ́kọ́ wá. Mo ní òun ló sanwó oúnjẹ, òun ló yẹ kó wo orí tábìlì. Ó ní èmi ni mo gbé e lé ẹsẹ̀ láti Sẹ̀mẹ̀. Mo fa ọ̀rọ̀ sípíà táyà yọ. Ó fa ọ̀rọ̀ bí mo ṣe pẹ́ níwájú dígí láàárọ̀ yọ. Wákàtí kan gbáko! Ọkọ̀ ń kọjá lára wa, oòrùn ń wọ̀ lọ, òrùka ìgbéyàwó ẹlòmíì sì wà nínú báàgì mi.

Nígbà tí ẹnu rẹ̀ wá, a yí ọkọ̀ padà sí Kùtọnu. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn Jósẹ́fù àti Màríà ti sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn náà jẹ́ tọkọtaya lójú ọ̀nà. Àjọ Ìrékọjá ni wọ́n ti ń bọ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n rin ìrìn ọjọ́ kan gbáko láìsí Jésù, nítorí wọ́n rò pé ó wà láàárín ẹgbẹ́ èrò. Wọn kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kàn rò ni.

Mo sọ èyí fún ọkọ mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ìgbà wo la gbàdúrà pọ̀ kẹ́yìn?"

Ara mi tutù. Láti ìgbà tí mo ti padà sí iléèwé, òun l'Ékòó, èmi níbí, alaalẹ́ la ń pe ara wa lórí fóònù. A ń sọ̀rọ̀ owó, a ń sọ̀rọ̀ ìdánwò. Mo rò pé òun ń gbàdúrà fún ilé wa, torí òun ni olórí ilé. Òun rò pé èmi ń gbà á, torí èmi ni mo wà láàárín ẹgbẹ́ ará, tí mò ń lọ sí ìṣọ́ òru. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń gbà á nínú àwa méjèèjì. Ọ̀rọ̀ àpòòwé náà ló ṣẹlẹ̀ sí ilé wa.

Ìyá olóúnjẹ kò tíì palẹ̀ mọ́ nígbà tí a dé. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ó gbọ́ Yorùbá. Kí a tó la ẹnu, ó ti yọ àpòòwé nínú apẹ̀rẹ̀ àwo. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí ẹ fi í sí náà ló wà. Ẹ̀yin lẹ lọ."

Ará, mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀, ṣùgbọ́n ti ìyá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo mú níbẹ̀.

Èkínní: wíwà láàárín ẹgbẹ́ kò túmọ̀ sí pé Jésù wà pẹ̀lú rẹ. Jósẹ́fù àti Màríà wá a láàárín ẹbí àti ojúlùmọ̀, wọn kò rí i. O lè wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí o máa to àga ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí o sì ti rin ìrìn sáà kan láìsí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ra yín sọ́nà, ẹ má fi àdúrà ẹnì kejì ṣe tiyín.

Èkejì: ẹ̀bi kì í wá ohun tó sọnù. Lúùkù kò kọ ọ́ pé tọkọtaya yẹn jà lójú ọ̀nà. Àwọn méjèèjì jọ padà ni. Nígbà tí Màríà sì rí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀, ó ka Jósẹ́fù mọ́ ara rẹ̀ nínú wíwá náà. Èmi ìbá ti sọ pé èmi nìkan ni mo wá a!

Ẹ̀kẹta: ibi tí o ti fi í sílẹ̀ ni kí o padà sí. Ìrìn ọjọ́ kan ni wọ́n rìn lọ, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó rí i nínú tẹ́ńpìlì. Ìpadà máa ń gùn ju ìlọ lọ. Bí ó bá jẹ́ àdúrà ìdájí lo ti já a sílẹ̀, padà síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó ẹgbẹ́ tí o ná, lọ dá a padà.

Ẹ ó bi mí pé, ìgbéyàwó ńkọ́? Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la tún dé Hilla-Condji. Bí a ṣe kọjá sí Togo, fóònù mi yí ara rẹ̀ padà: aago mẹ́jọ. Aago Benin àti ti Nàìjíríà dọ́gba, ṣùgbọ́n ti Togo àti Gánà fi wákàtí kan rẹ̀yìn. A dé Aflao ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùndínlógún. Wọ́n sì ti sọ fún wa lójú ọ̀nà pé aago mẹ́wàá ni wọ́n ń ti ẹnubodè náà. A kọjá odò Volta lóru, a wọ Accra ní nǹkan bí aago méjì. Nígbà tí wọ́n béèrè òrùka lówùúrọ̀, ọkọ mi nà án síta.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. Èmi kò sọ pé kí ẹ máa jà, Ọlọ́run yóò dá wákàtí yín padà. Wákàtí yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń rí i. Nígbà tí a ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, a san án padà síbi tí a ti rí i. Ohun tí mo dúpẹ́ fún ni pé àánú ti wà níwájú kí a tó ṣe àṣìṣe wa. Bí a bá jókòó sẹ́nu ìjà, a kò ní dé ibẹ̀ bá a.

Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbàdúrà pọ̀ lórí fóònù. Nígbà mìíràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì a já, a ó tún pè. Ìwọ tí o ń kà á, ta lo rò pé Jésù wà lọ́wọ́ rẹ̀? Wo ọwọ́ ara rẹ lálẹ́ yìí.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì mí níbi tí mo ti rìn lọ láìsí ọ tí n kò sì mọ̀. Fún mi ní ọkàn tí yóò padà, má jẹ́ kí ìbínú jẹ àkókò mi tán. Jẹ́ kí n bá ọ níbi tí mo ti fi ọ́ sílẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.