Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìyókù Àdìrẹ àti Bùbá Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe náà kan aránṣọ gbọ̀ngbọ̀n, pàápàá nígbà tí ohun tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe odindi aṣọ bí kò ṣe ìyókù. Ìyókù kò sì wọ́n l'Abẹ́òkúta. Ẹni tó ra àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún ní ọjà Ìtòkú, tó fi ọ̀pá méjì ṣe ìró, tó fi ọ̀pá kan àbọ̀ rán bùbá, ọ̀pá kan àbọ̀ ló kù sí i lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ àpótí tàbí àpò ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni irú ègé bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí. Àwọn tó tilẹ̀ ń lò ó, ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ó bó ti yẹ. Wọ́n á ti yan sítáì lórí fóònù kí wọ́n tó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ wò. Bí aṣọ ò bá wá tó, wọ́n á dín gígùn kù, wọ́n á fún àyà pọ̀, títí ẹ̀wù á fi di ohun tí ẹni tó ni ín kò lè wọ̀ kó gbé apá sókè. Èrò tèmi ni pé ìyókù aṣọ ló yẹ kó yan sítáì, kì í ṣe sítáì ló yẹ kó máa fìyà jẹ ìyókù. Bí a bá sì jẹ́ kó yàn, bùbá ni yóò yàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Aṣọ òwú tí wọ́n ń fi ṣe àdìrẹ lóde òní sábà máa ń fẹ̀ tó ínǹṣì 45. Ọ̀pá kan àbọ̀ jẹ́ ínǹṣì 54 ní gígùn. Bí a bá ká a sí méjì, tí ojú kíká bọ́ sí èjìká, a ti ní iwájú àti ẹ̀yìn, ínǹṣì 27 ní ìkọ̀ọ̀kan, láì tíì gé ohunkóhun. Ìbú 45 náà yóò nà láti ọwọ́ kan dé ìkejì, apá ti wà lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 40, a ó fi 4 kún un kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè, ó di 44. Iwájú gba 22, ẹ̀yìn gba 22, a ó sì fi ààbọ̀ ínǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ojú ìrán, ó di 23. Èyí tó ṣẹ́ kù lábẹ́ apá jẹ́ ínǹṣì 11 lọ́tùn-ún, 11 lósì. Kò yẹ kí ìyẹn náà ṣòfò. Inú rẹ̀ ni a ó ti gé ọ̀já tí a ó fi gbá ọrùn, kí a sì gé e láti igun sí igun, nítorí ọ̀já tí a bá gé gbọọrọ kì í tẹ̀ lé ìyípo ọrùn, kíkákò ni yóò máa kákò. Àpò kan yóò tún jáde níbẹ̀. Ọrùn fúnra rẹ̀, kékeré ni kí a kọ́kọ́ gé e, kí a sì la iwájú rẹ̀ díẹ̀ kí orí tó dirun lè kọjá; ọrùn kékeré ṣeé fẹ̀ sí i, èyí tó ti fẹ̀ jù kò ṣeé dá padà. Ohun tó lè da ìṣirò yìí rú ni iṣẹ́ ara àdìrẹ náà. Bí ó bá jẹ́ ẹyẹ ni wọ́n yà sí i, tí gbogbo wọn kọrí sókè, kíká sí méjì yóò dojú ẹyẹ ẹ̀yìn kodò. Nígbà náà, a ó gé aṣọ ní èjìká, a ó yí abala ẹ̀yìn padà, a ó rán an mọ́ iwájú. Ààbọ̀ ínǹṣì ní apá kọ̀ọ̀kan ni yóò ná wa.

Ṣùgbọ́n kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ, omi ni kó kọ́kọ́ kàn án. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Ẹ̀gbá sì ti rí ẹ̀rí èyí nínú ìtàn àdìrẹ fúnra rẹ̀. Nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dé, iṣẹ́ aró yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ ń fi jó aṣọ. Àwọn oníbàárà ráhùn, ọjà sì wọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dá owó tó kárí ayé nígbà náà wà lára ohun tó fà á. Ọ̀rọ̀ náà dé ààfin Aláké Ladapo Ademola Kejì, òfin jáde lòdì sí àwọn èròjà wọ̀nyí, àwọn obìnrin aláró kò sì gbà á láìjà. Kọ́sítíìkì ṣì wà nínú ìkòkò aró títí dòní. Nítorí náà, kí a fi omi tútù ṣan ìyókù títí omi yóò fi mọ́, kí a sá a síbi tí oòrùn kò ti pa á lójú, kí a wá fi ọwọ́ méjèèjì fa igun rẹ̀. Èyí tó bá ya wẹ́rẹ́, kò yẹ fún ẹ̀wù. Èyí tó bá fẹ́ sún kì náà yóò ti sún kì kí a tó wọ̀n ọ́n. Kí a sì fa fọ́nrán kan yọ, kí a tanná ràn án: òwú a jó bíi bébà, eérú rẹ̀ a fúyẹ́; fọ́nrán ọ̀rá a yọ́, a sì di kókó líle. Nínú ooru oṣù Kejì, kí a tó rí òjò àkọ́rọ̀, òwú ń fa òógùn mu, ọ̀rá ń dá a padà sára ẹni.

Àwọn kan yóò ní, aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, pé ẹ̀wù tí a fi ègé rán ń tú àṣírí àìní. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Aṣọ òkè tí à ń fi gbéyàwó, tí à ń wọ̀ joyè, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun ún, kí aránṣọ tó so wọ́n pọ̀ di agbádá. Àdìrẹ àtijọ́ ńkọ́? Abala méjì, tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá méjì àbọ̀, ni wọ́n máa ń rán pọ̀ láàárín kó tó di ìró kan. Ẹ tún wo aṣọ eégún, bí àwọn ìdílé ṣe ń fi ègé kún ègé lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, iyì rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Bí ìyókù kan kò bá wá tó ọ̀pá kan àbọ̀, kò sí ìtìjú nínú kí a fi àdìrẹ mìíràn ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n bá ti nípọn bákan náà. Bí ọ̀kan bá nípọn ju èkejì lọ, èyí tó wúwo yóò máa wọ́ èyí tó fúyẹ́, ọrùn kò sì ní dúró sójú kan. Ohun tó ń tú àṣírí ni ojú ìrán tó wọ́, àti etí aṣọ tí a kò ṣẹ́, tó ń tú fọ́nrán. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé aṣọ tó pẹ́ nílé jẹ́ ọrọ̀ kan.

Àríwísí tó le jù ni ti owó: pé owó iṣẹ́ télọ̀ lè ju iye òkìrìkà kan lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ti san owó àdìrẹ yẹn kí ó tó di ìyókù, ọwọ́ ènìyàn ló sì tẹ abẹ́là sí i, tó rì í sínú aró. Fífi í tọrẹ fún ààtàn kò dín ìnáwó ẹnikẹ́ni kù. Ẹ jẹ́ kí a tún sọ ti àwọn télọ̀ tó gbà pé ìyókù jẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn. Ibi tí ìyẹn ti dára ni kí oníbàárà àti télọ̀ ti fẹnu kò lọ́jọ́ tí wọ́n wọn aṣọ. Láìsí èyí, aláṣọ ló ni ín, dé orí ègé tó kéré jù. Bí oníbàárà bá sì fi í sílẹ̀ tinútinú, ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni kí ọ̀gá kọ́kọ́ gbé e fún. Bébà ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ wọn ní gígé, bébà kì í sún kì, kì í fà, kì í sì í tú fọ́nrán. Bùbá kan láti inú ìyókù, tí ó wọ̀n, tí ó fọ̀, tí ó gé, tí ó sì ṣẹ́ etí rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò kọ́ ọ ní èyí tí bébà kò lè kọ́ ọ, yóò sì rí ẹ̀wù wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ nígbà ooru.