ILẸ̀KÙN IRIN TÀBÍ ILẸ̀KÙN PÁTÁKÓ?

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa kọ́lé sí Ìpògùn, ilẹ̀kùn àbáwọlé nìkan ló kù. Ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà ló wù ú. Ìyá rẹ̀, tí yóò máa gbé inú ilé náà, ní pátákó ìrókò ni òun fẹ́. Wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá wa. Àwa kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, pé ta ní í bá ìyá rẹ̀ jiyàn nítorí ilẹ̀kùn? Nígbà tó yá, a rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

Ẹ̀rù tó ń ba ará wa kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, ìròyìn adigunjalè àti ajínigbé kò sì jìnnà sí etí wa. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàápàá kọ́ wa pé kí a máa ti ilẹ̀kùn lálẹ́, kí a sì dárúkọ Ọlọ́hun sí i. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn kò ṣàìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n ṣé irin yẹn ló lè gbà wá? Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn irin tó ń dán yanran yìí, irin tín-ín-rín méjì ni, páálí ló wà láàrin wọn. Òjò a sì máa mú un dípẹtà láti ìsàlẹ̀. Ti igi náà ní ewu tirẹ̀: arère rọ̀, kòkòrò a tètè jẹ ẹ́, àwọn káfíńtà kan a sì kun ún lọ́dà tà fún ẹni tí kò mọ igi. Pátákó tí kò gbẹ dáadáa a máa há nígbà òjò. Àmọ́ ìrókò tó gbó, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ fi igi gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ọgọ̀gà. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí dòní. (Lóòótọ́, òjò kì í pa á níbẹ̀.)

Nígbà tí a béèrè ohun tí Ìyá rí lára irin, ó ní: "Bí mo bá wà ní ilé ìdáná, tí ẹnìkan ń ṣe sálámù lẹ́yìn irin yẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́? Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń bá mi pọn omi, ta ni yóò láyà kàn án nínú wọn?"

Ọ̀rọ̀ yìí mú wa dákẹ́. Imam Bukhari gbà á wá nínú Al-Adab al-Mufrad pé igi ni ilẹ̀kùn ilé ìyá wa Áíṣà, abala kan ṣoṣo, àti pé èékánná ni wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn Ànábì. Ẹni tó wà nínú ilé ń gbọ́ ohun èékánná!

A tún rántí ìtàn Kufa, ìlú tí wọ́n tẹ̀dó ní nǹkan bí ọdún 638. Sa'ad ọmọ Abi Waqqas, tó jẹ́ gómìnà níbẹ̀, fi ilẹ̀kùn sí ààfin rẹ̀ nítorí ariwo ọjà. Nígbà tí Sáídínà Úmáru gbọ́, ó rán Muhammad ọmọ Maslamah láti Mẹ̀dínà pé kí ó lọ dáná sun ilẹ̀kùn náà. Sa'ad kì í ṣe ènìyàn kékeré o. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró ìdùnnú alijáńnà ni. Ìtàn náà fi kún un pé Úmáru ní kí ó ti ibi tí owó ìlú wà pa, ṣùgbọ́n kí ó má fi ilẹ̀kùn dí àwọn ènìyàn lọ́nà.

Ibẹ̀ ni a ti rí ohun tí a sọ fún ará wa: kí ó fi ìrókò sí ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú férémù tó le àti kọ́kọ́rọ́ gidi, kí ó wá fi irin rẹ̀ sí yàrá tí wọ́n ń sùn. Kò dá wa lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ló mú káfíńtà lọ wọn ẹnu ọ̀nà. Káfíńtà ní pátákó náà ṣì tutù, kí wọ́n fún òun láàyè kí ó gbẹ. Aṣọ ni Ìyá ta sẹ́nu ọ̀nà ní báyìí.