Ta Ni Yóò Ṣọ́ Agbo Tuntun?

Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò. Bí àwọn ènìyàn bá ń pé jọ ní orúkọ Jésù níbi tí kò sí àlùfáà tàbí pẹpẹ, kí ni ó yẹ kí ìjọ àtijọ́ bíi Mẹ́tọ́díìsì ṣe sí wọn? Ṣé kí ó fi wọ́n sílẹ̀ ni, àbí kí ó yan alábòójútó fún wọn?

N kò béèrè lásán. Ní Ọjà Ọba, níhìn-ín ní ìlú Benin, àwọn oníṣòwò kan máa ń gbàdúrà pọ̀ kí wọ́n tó pàtẹ. Mo ti bá wọn dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Edo, Igbo, Yorùbá, kálukú ń gbàdúrà ní èdè tirẹ̀, ìyá aláṣọ kan ni ó sì ń darí wọn. Wọ́n máa ń dá owó fún ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá. Fún àwọn mìíràn nínú wọn, èyí nìkan ni ìjọ tí wọ́n ní. Ṣùgbọ́n aboyún kan tó ń ta ata bi mí pé, “Bùrọ̀dá, bí mo bá bímọ, ta ni yóò ṣe ìrìbọmi fún un?” N kò rí èsì fún un.

Àwọn kan nínú wa yóò ní kí a má dá sí i, pé bí bíṣọ́ọ̀bù bá ti dé, iná Ẹ̀mí ti kú nìyẹn. Ìbẹ̀rù wọn nídìí. Àwọn alábòójútó kan wà tí kì í béèrè nǹkan kan ju owó àti orúkọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo John Wesley. Àlùfáà Áńgílíkà tó fẹ́ràn ètò ni, síbẹ̀ ó wàásù ní gbangba ní Bristol ní oṣù kẹrin 1739. Nígbà tí Thomas Maxfield, ẹni tí a kò fi joyè àlùfáà, bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ní London, Wesley yára padà láti dá a lẹ́kun. Susanna ìyá rẹ̀ ni ó ní kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó sì wo èso rẹ̀. Wesley gbọ́, ó sì gbà.

Ní 1742, ní Bristol kan náà, ọ̀gákọ̀ kan tí ń jẹ́ Foy dábàá pé kí kálukú máa dá kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀ láti san gbèsè ilé ìsìn. Àwọn tó ń gba owó náà láti ilé dé ilé rí bí àwọn ará ṣe ń gbé ayé wọn. Wesley rí i pé ìbójútó tí òun ń wá nìyẹn. Bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ẹ tún wo ibi tí kò sí alábòójútó. Ní 1913, William Wadé Harris ti Liberia wàásù ní Ivory Coast, ó sì ṣe ìrìbọmi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìjọba Faransé lé e jáde. Fún bí ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní olùkọ́, títí William Platt, míṣọ́nárì Mẹ́tọ́díìsì láti Porto-Novo, fi dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1924. Ọ̀pọ̀ gbà á. Àwọn mìíràn dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Iná náà kò kú, ṣùgbọ́n àwọn àgùntàn dúró pẹ́.

Ní tèmi, ìbójútó yàtọ̀ sí ìjẹgàba. Nígbà tí Jerúsálẹ́mù rán Bánábà sí Áńtíókù, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni ó kọ́kọ́ rí, inú rẹ̀ sì dùn. Lẹ́yìn náà ni ó lọ wá Sọ́ọ̀lù láti kọ́ wọn. Kí alábòójútó dé ọjà kí oòrùn tó là, kó gbọ́ àdúrà ìyá aláṣọ, kó má gba ipò rẹ̀. Kó gbé ìrìbọmi àti oúnjẹ Olúwa wá bá wọn. Kí àwọn ará ọjà náà sì gbà kí a béèrè ìṣirò owó àti ẹ̀kọ́ wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹni tó bá kọ ìbójútó, kó sọ ẹni tí yóò ṣe ìrìbọmi fún ọmọ aláta. Ẹni tó bá sì fẹ́ jẹ́ alábòójútó, kó kọ́kọ́ mọ orúkọ ìyá ọmọ náà. Kí Olúwa fún wa ní olùṣọ́-àgùntàn tó ń rìn dé ibi tí agbo wà. Àmín.