Ǹjẹ́ “N Kò Rí I” Tó Àwáwí?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ènìyàn bá ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ ní jàǹbá, tí kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi? Ẹ má tíì dáhùn o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́nà Èrúwà sí Igbó-Ọrà, tàbí kí n kúkú sọ pé ohun tí ojú mi kò rí.

Tíṣà ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n lọ, wọ́n fi Volkswagen kan sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá. Ọ̀kan ni nínú àwọn tí wọ́n tò ní ilé-iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Mọ́tò àtijọ́ gbáà ni lónìí. Ní Mexico ni wọ́n ti ṣe ìkẹyìn irú rẹ̀, ní oṣù keje ọdún 2003. Ṣùgbọ́n tèmi ṣì ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ a máa jí ará ilé kejì.

Dígí kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀ níta, ti ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni dígí kejì. Bí bàbá mi bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, wọn á ní, “Wo ọwọ́ ibẹ̀ yẹn fún mi.” Èmi náà á yọrí lójú fèrèsé, n ó ní, “Kò sí nǹkan, Bàbá, ẹ máa yà.” Inú mi a sì dùn bí ẹni pé èmi gan-an ni mò ń wa mọ́tò.

Bàbá lọ, èmi di dẹ́rẹ́bà, àga ẹ̀gbẹ́ mi sì ṣófo. Mẹkáníìkì mi sọ fún mi tó ìgbà mẹ́ta pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi dígí sí ẹ̀gbẹ́ kejì yìí.” Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo ní mọ́tò tó ti lò ju ogójì ọdún lọ láìní dígí kejì, kí ló tún fẹ́ fi ṣe?

Lọ́jọ́ ọjà kan, mo ń wọ Igbó-Ọrà bọ̀. Mo fẹ́ yà sí ọ̀tún. Mo tan tráfíkétọ̀, mo wo dígí inú, n kò rí nǹkan kan. Mo yà. Gbàà! Ọ̀kadà kan ló ń gba ọ̀tún mi kọjá, ó gbé ìyá àgbà kan àti àpò láfún sẹ́yìn. Láfún fọ́n sí gbogbo ojú títì, ó funfun báláú. Ọlọ́kadà dìde, ó ń gbọn ara rẹ̀. Ìyá kò lè dìde, ọrùn ọwọ́ wọn ti kán.

Kíá ni èrò pé jọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì gbè sí. “Ọlọ́kadà ló jẹ̀bi! Ta ní í gba ọ̀tún kọjá?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin ìrìnnà wa ní ọwọ́ òsì ni kí á ti máa ya mọ́tò tó wà níwájú ẹni sílẹ̀. Kí n má purọ́, ara tù mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, “Ẹ máà bínú, Ìyá, n kò rí yín ni.” Ìyá di ọwọ́ wọn mú, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o ò rí wa ni, àbí o ò wò?”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé inú mi. Rírí kò sí ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni. Òkùnkùn lè bo nǹkan, kùrukùru lè bò ó. Ṣùgbọ́n wíwò, iṣẹ́ ẹni ni. Afọ́jú tó kọlù ọ́ kò jẹ̀bi. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dijú tó sì kọlù ọ́ ńkọ́? Èmi kò dijú lọ́jọ́ jàǹbá náà. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ tí mo fi rẹ́rìn-ín ni mo ti dijú, nínú ìrọ̀rùn, láìsí ohun tó ń lé mi.

Ẹnìkan lè ní, “Ṣé bàbá rẹ náà jẹ̀bi nìyẹn, tí wọ́n lo dígí kan títí dọjọ́ ikú?” Rárá o. Ibi tí ojú kò tó a máa ṣípò. Ẹ rántí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba yí wa padà láti ọwọ́ òsì títì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ìdarí mọ́tò rẹ̀ wà ní ọ̀tún sùn lálẹ́, ó jí, ó wá rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí òun ni gbogbo mọ́tò wá ń gbà kọjá lára òun. Mọ́tò kò yí padà, ayé ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní tèmi. Láyé bàbá mi, ẹlẹ́sẹ̀ ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Láyé tèmi, ọ̀kadà ti kún ibẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn bàbá lè di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ọmọ.

Mo san owó àtoegun, mo san owó láfún, mo sì gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ. A ra dígí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà mu, a lu ihò sí ilẹ̀kùn kejì, a kùn ún kí ó má dípẹtà. Mo jókòó, mo wò ó. Igbó ẹ̀bá ọ̀nà nìkan ni mo rí! Dígí ti dẹ́rẹ́bà sún mọ́ ojú rẹ̀, èkejì jìnnà. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọjú sínú jù ti àkọ́kọ́ lọ, apá tí a fi gbé e kò sì lè yí tó bẹ́ẹ̀. Dígí pẹlẹbẹ kékeré tó jìnnà, bí ẹni ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́ ni.

Mẹkáníìkì ní kí n jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. “Ọ̀gá, ó ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tún ní dá yín dúró mọ́.” Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn! Mélòó nínú wa ni kò ní irú dígí yìí? Baálé ilé pe ìyàwó sí ìpàdé lẹ́yìn tó ti pinnu tán. Ọ̀gá ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ tinú wọn, kò sì gbọ́ ọ̀kan. Dígí wà lára mọ́tò, igbó ló ń wò. Irú èyí burú ju kí ó má sí rárá, nítorí ó ń jẹ́ kí á rò pé a ti wò.

Mo kọ̀. A wá dígí tó yọ ikùn síta, tó ń fi ibi gbígbòòrò hàn, a sún un síwájú kí n lè máa wò ó láti inú fèrèsé kékeré iwájú. Mo jókòó sí àyè mi, ọmọ iṣẹ́ ń yí i níta, mo ń pariwo, “Díẹ̀ sí i! Ó tó!” Nígbà yìí ni títì yọ. Ṣùgbọ́n oníkùn náà ní àléébù tirẹ̀: ó ń sọ nǹkan di kékeré, ẹni tó sún mọ́ ọ á dà bí ẹni tó jìnnà. Ó di dandan kí n ṣì máa yí ọrùn. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ìlú ìbejì ni Igbó-Ọrà, a sì mọ ìtàn pé Kẹ́hìndé ló rán èkejì rẹ̀ ṣáájú. Ẹ gbọ́ orúkọ ẹni tó rán: Táyéwò, tọ́ ayé wò. Wọn kò ní kí ó tọ́ ayé rí. Wíwò ni iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Mo padà lọ kí Ìyá, mo fi dígí hàn wọ́n. Ọwọ́ wọn ti jinná, ṣùgbọ́n kò nà tán. Wọ́n ní, “Ó dára, ọmọ mi. Máa wò ó o.” Èsì tèmi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹni tó wò tí kò rí, kí á bá a kẹ́dùn. Ẹni tí kò wò, kí ó má ṣe sọ pé òun kò rí.