Àdírẹ́sì Kan, Ọ̀nà Púpọ̀

Ṣé ibi tí ènìyàn wà dá dúró, àbí ọ̀nà tí a gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ ibi tó wà?

Lórí UUCP, ètò tí kọ̀ǹpútà kan fi ń fi ìránṣẹ́ lé òmíràn lọ́wọ́, láyé ọdún 1980 sí 1989, olùfiránṣẹ́ ní láti to orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà ojú ọ̀nà tẹ̀léra. Àdírẹ́sì ẹnì kan wá ń yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Lórí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, àdírẹ́sì kan náà ni gbogbo olùfiránṣẹ́ ń lò fún ẹnì kan.

Fún UUCP, Peter Honeyman àti Steven Bellovin ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ pathalias, tó ń fi ìṣirò Dijkstra wá ọ̀nà tí ìnáwó rẹ̀ kéré jù.

Máàpù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo pathalias jọ ń lò, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń ṣírò láti ipò tirẹ̀. Ẹni tó gbà pé òtítọ́ jẹ́ ọ̀kan, tó sì mọyì ojú tí olúkúlùkù fi ń wò ó, yóò rí ẹ̀rí méjèèjì níbẹ̀.