Ẹja Òkun ní Adó-Èkìtì: Ta Ni Yóò Ṣe Òkun fún Un?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mélòó kan. Ọ̀rọ̀ ẹja ni. Kì í ṣe ẹja ọbẹ̀ o. Ẹja wíwò ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní Òkèṣà níbí, fóònù ló ń tún ṣe. Ó lọ sí Èkó lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ gbé e dé ilé olówó kan ní Lekki, ó sì rí àpótí gíláàsì ńlá kan nínú pálọ̀. Omi iyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà funfun, àti àwọn nǹkan kan tó dà bí òdòdó tí wọ́n ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ wọn. Láti ìgbà tó ti dé ni kò ti jẹ́ ká gbádùn. "Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "mo fẹ́ ní irú ẹ̀. Ta lẹ mọ̀ ní Adó níbí tó ń ṣe é, tí mo lè lọ bá?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Adó kẹ̀! Àwa tí ìpínlẹ̀ wa kò fi ẹ̀gbẹ́ kan kan òkun. Kwara, Kogi, Ondo àti Ọ̀ṣun ló yí wa ká. Òkè la ní. Omi tí a fi ń yangàn, ti Ìkógòsì ni, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ta ni yóò wá máa sin ẹja òkun láàárín òkúta?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwájú sí i, mo rí i pé nǹkan òkun kò ṣàjèjì sí wa tó bẹ́ẹ̀. Iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú rẹ̀, egungun ẹ̀dá inú òkun ni. Láti òkun Mẹditaréníà ni àwọn oníṣòwò Òyìnbó ti ń kó o wá láyé àtijọ́. Iyùn ti gun òkè Èkìtì kí mọ́tò tó gùn ún. Ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ ló wá, òkú kì í sì í béèrè oúnjẹ. Ohun tí ọmọkùnrin yìí ń fẹ́ ni kí iyùn wá láàyè, kó máa mí, kó máa jẹun, ní Òkèṣà.

Ó yẹ àbí kò yẹ? Lójú ẹsẹ̀ ni mo ní kò yẹ. Mo ní ẹja tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, tó wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ibú, kí la fẹ́ gbé e wá sínú àpótí fún? Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o. Ta ló jẹ point-and-kill lálẹ́ Sátidé?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Èmi ni. Mo tiẹ̀ jẹ orí ẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sùn. Ohun tí mo wá rí ni pé ẹja tí mo jẹ àti ẹja tí mo fẹ́ máa wò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbèsè wọn lọ́rùn mi. Èyí tí mo jẹ, n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jẹ̀rora pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbé sínú àpótí, ọjọ́ tí mo gbé e síbẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ti gba òkun lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa ṣe òkun fún un, lọ́sàn-án, lóru, lọ́jọ́ ọdún, àti lọ́jọ́ tí mo bá lọ sí ìnáwó ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí n kò padà sílé.

Iṣẹ́ òkun sì pọ̀. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ lásán ni. Nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà omi òkun kan. Bí àpótí bá gba lítà 100, á gba tó kílò mẹ́ta ààbọ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò sì lè ṣe é, nítorí pé oríṣiríṣi nǹkan ló wà nínú iyọ̀ òkun tí kò sí nínú ti ọbẹ̀, àwọn ni iyùn fi ń mọ egungun ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ooru Adó á máa fa omi náà díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Omi nìkan ló ń lọ o, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á bu omi iyọ̀ mìíràn dí èyí tó lọ, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, omi àpótí á ti níyọ̀ ju òkun fúnra rẹ̀ lọ. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń fi dí i.

Èyí tó le jù ni ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja. Amóníà ló ń dà, májèlé sì ni. Nínú òkun, ibú gbé e mì, ó tán. Nínú àpótí, kò ríbi lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé ara òkúta, inú yanrìn àti inú asẹ́ ni wọ́n ń sọ amóníà di májèlé kejì, tí àwọn mìíràn tún ń sọ ìyẹn di ẹ̀kẹta tí kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò yìí tó pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹni tó bá ra àpótí láàárọ̀, tó ra ẹja lọ́sàn-án, inú ìtọ̀ ara rẹ̀ ló fi ẹja náà sí.

Mo mọ èyí nítorí pé mo ti pa ẹja rí. Ọ̀rẹ́ kan ló fún mi ní góòlùfíìṣì mẹ́ta lọ́dún kan, àpótí àti gbogbo ẹ̀. Ní Sátidé kan, mo fẹ́ ṣe dáadáa. Mo yọ kànìnkànìn inú ẹ̀rọ asẹ́ tó ti di dúdú, mo fi ọmọ àti omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun bálá, mo fọ òkúta, mo fọ gíláàsì. Kò tó ọjọ́ márùn-ún tí ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi kú. Ìmọ́tótó tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé ni mo fi pa wọ́n. Ìdọ̀tí tí mo fọ̀ dànù yẹn, àwọn kòkòrò tó ń gbà wọ́n là ló wà nínú ẹ̀. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà náà, mo kàn ní ayé ló le. N kò mọ ẹni tí mo lè bi.

Níbi yìí ni ìbéèrè ọmọ náà ti yí padà lójú mi. Nígbà tó ń béèrè ẹni tí yóò lọ bá, mo rò pé ẹgbẹ́ fàájì ló ń wá, àwọn tí wọn yóò jọ máa mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò yí àpótí ká. Kò mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lòun fọwọ́ bà. Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í dá iṣẹ́ kọ́. Télọ̀ ní ọ̀gá, mẹkáníìkì ní ọ̀gá, onídìrí náà ní ọ̀gá. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá gé aṣọ bàjẹ́, aṣọ ló bàjẹ́, wọ́n á lù ú díẹ̀, wọ́n á ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lóun fẹ́ dá ẹja sísìn kọ́ nínú yàrá òun, ẹja ló ń san owó ẹ̀kọ́ fún un, ẹ̀mí ló sì fi ń san án. Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn ni wíwá àwọn tó mọ̀ ọ́n? Ẹ̀tọ́ ẹja ni, kó tó dé rárá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ènìyàn. Kí n má purọ́, ní gbogbo Adó tí a béèrè dé, láti Ajílòṣun dé Adébáyọ̀, a kò rí ẹyọ ẹnì kan tó ń sin ẹja òkun. Ṣùgbọ́n a rí màmá kan lójú ọ̀nà Ìyìn tó ní kòtò ẹja arọ. "Ẹ káàbọ̀ sí ulé o," ló fi kí wa, gẹ́gẹ́ bí Èkìtì ti í ṣe. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà tán, kò rẹ́rìn-ín bíi tèmi. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹja tèmi yìí, bí omi bá dọ̀tí, á yọ ẹnu sókè, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á tún lọ. Arọ máa ń dárí jini. Ṣé tìẹ náà ń dárí jini?"

Òótọ́ ni màmá sọ. Arọ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ẹja àárín iyùn kò ní in. Ó ní kí ọmọ náà máa wá láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa bá òun pààrọ̀ omi, kó fi imú mọ òórùn amóníà, kó sì kọ́ bí a ti ń wo omi kí a tó wo ẹja. Ó lọ o. Ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ń kígbe pé owó tó fẹ́ ná sí àpótí tó gbéyàwó. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá á lè tọ́jú ẹja ná.

Lẹ́yìn ìyẹn la bá olùkọ́ àgbà kan pàdé ní Baṣìrì, ó ti fẹ̀yìn tì, ẹja omi odò ló ń sìn. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ìwé kan jáde, ó ti ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́: bí omi ti gbóná tó, omi tó pààrọ̀, ẹja tó ṣàìsàn àti ohun tó ṣe. Ó ní, "Ohun tí o kò bá kọ sílẹ̀, wàá tún un ṣe." Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó, tó ń sin ẹja òkun. Òun ló fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀.

Mo rò pé ti iye owó lẹni yẹn á kọ́kọ́ sọ. Rárá. Ìbéèrè méjì ló bi ọmọ náà lórí fóònù. Àkọ́kọ́: "Bí iná bá lọ, ta ló máa wà nílé?" Iná kì í lọ lókun. Bí ẹ̀rọ tó ń da omi rú bá dákẹ́ nínú àpótí, láàárín wákàtí díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú omi lè tán. Ó ní kó ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì kó tó ra ẹja. Ìbéèrè kejì ló gbà mí lọ́kàn jù: "Ẹja tó o fẹ́ rà yẹn, níbo ni wọ́n bí i sí?"

Ẹ gbọ́ ná. Ọdún 1853 ni wọ́n ṣí ilé ẹja fún ará ìlú nínú ọgbà ẹranko London. Philip Henry Gosse wà lára àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1854, àwọn ènìyàn kà á, wọ́n rọ́ lọ sétí òkun pẹ̀lú garawa. Ọmọ rẹ̀ Edmund sọ nínú ìwé tirẹ̀ ní 1907 pé àwọn akóǹkan wọ̀nyí kó gbogbo ẹwà tó wà nínú ihò òkúta etí òkun yẹn tán, ó sì dun bàbá rẹ̀ dọ́kàn. Ìfẹ́ ló fi kọ ìwé o. Tòde òní náà ńkọ́? Ẹja kékeré kan wà ní àwọn erékùṣù Banggai ní Indonesia, ẹnu ni bàbá rẹ̀ ń kó ẹyin sí títí wọn yóò fi pa. Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni òwò ẹja wíwò gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Nígbà tó fi máa di 2007, àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun ń wu léwu.

Ẹ má rò pé ti ará ibòmíràn nìkan ni. Òjíjí tiwa, tó ń gbọn ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, wà nínú àpótí lókè òkun. Ẹja kékeré kan tí Òyìnbó ń pè ní kribensis, tí ikùn abo rẹ̀ ń pọ́n bí osùn, odò gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àpótí lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja aláwọ̀ ọsàn tí ọmọ wa rí ní Lekki, wọ́n ti ń bí i lọ́dọ̀ ènìyàn láti àwọn ọdún 1970. Ẹja tí wọn kò já gbà lọ́wọ́ òkun nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré lójú tèmi, ẹni tó ń sìn ín nìkan ló sì lè fi ibi tí a ti ń rà á hàn ọ́. Ọlọ́jà kò ní sọ ọ́.

Mo ti fà sẹ́yìn kúrò nínú "kò yẹ" tí mo kọ́kọ́ sọ. N kò tíì dé ibi "ó yẹ" pátápátá. Bó bá jẹ́ torí kí àlejò lè yanu ni, kó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ẹni tí kò bá sì ní ẹni tó lè pè ní aago méjì òru, kó fi í sílẹ̀ ná.

Àpótí ti wà ní Òkèṣà báyìí. Omi wà nínú ẹ̀, iyọ̀ wà nínú ẹ̀, òkúta wà nínú ẹ̀, ẹja kò sí. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Àwọn oníbàárà tó wá tún fóònù ṣe á wò ó, wọ́n á ní, "Bọ̀sì, ẹja yín ti sá lọ?" Á rẹ́rìn-ín, á kọ nǹkan sínú ìwé.

Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́bọ̀ tó kọjá, iná sì lọ. Kó tó di pé mo rí fìtílà, ó ti dìde, ó ń táràkà láti so bátìrì mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Mo ní, "Kí lò ń yára fún? Ẹja kankan ò kúkú sí níbẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn, "àwọn kòkòrò inú asẹ́ náà ń mí o."